Kí ẹ tó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ awọ ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní wọ́n sọ pé bàbá yín ní mesothelioma, jẹjẹrẹ inú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, ẹ sì ń béèrè bóyá kí bàbá gbà fún iṣẹ́ abẹ. Àìsàn yìí ló mú ọkọ mi, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún un.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn dókítà pé irú èwo ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé odindi ẹ̀dọ̀fóró kan ni wọ́n máa yọ, tòun ti awọ rẹ̀, àpò tó yí ọkàn ká, àti iṣan tó pààlà àyà àti ikùn. Ọ̀pọ̀ dókítà ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Èkejì ni wọ́n ṣe fún ọkọ mi: wọ́n bó awọ yẹn kúrò, wọ́n fi ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀. Kò rọrùn rárá. Awọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró débi pé bí wọ́n ṣe ń bó o ni ojú ẹ̀dọ̀fóró ń ya, tí afẹ́fẹ́ sì ń jò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wúkọ́ ni omi inú ìgò tí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ̀ ń hó bí ìkòkò orí iná. Wọn ò jẹ́ ká lọ sílé títí ìyẹn fi dáwọ́ dúró.

Ní 2024, èsì ìwádìí MARS 2 tí wọ́n ṣe ní Britain jáde lórí irú iṣẹ́ abẹ kejì yìí. Nínú àwọn tó gba chemo, ìyẹn oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nìkan, ìdajì ṣì wà láyé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 25; lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ kún chemo, nǹkan bí oṣù 19 ni. Ẹ bi dókítà yín ní tààrà pé kí ló rí lára bàbá tó fi rò pé tiwọn á yàtọ̀. Ẹ bi í nípa irú sẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú, torí tó bá jẹ́ sarcomatoid, irú èyí tó le jù, iṣẹ́ abẹ ńlá kì í sábà ṣe é láǹfààní.

Tó bá jẹ́ pé èémí tí ò já gaara ló ń da bàbá láàmú, omi tó gbára jọ sáyà lè wà ńdìí ẹ̀. Wọ́n lè fa omi náà, kí wọ́n fi ìyẹ̀fun talc lẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti èyí tó tẹ́ inú àyà pọ̀, tàbí kí wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín síbẹ̀ tí ẹ ó máa fi fà á nílé. Fífa omi yẹn ló jẹ́ kí ọkọ mi tún lè dùbúlẹ̀ sùn. Oògùn nivolumab àti ipilimumab, tó ń ran ọmọ ogun ara lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà, náà wà, ẹ béèrè nípa wọn kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.