Ilé onígbèsè wà ní gbàǹjo: kí lẹ fẹ́ rà gan-an?

Ìbéèrè

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsọ̀ aṣọ ni mo ní ní ọjà Àtakúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà. Ẹnìkan fi ìkéde kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé wọ́n fẹ́ lu ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní gbàǹjo, pé kóòtù ló pàṣẹ nítorí gbèsè tó wà lọ́rùn onílé. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó san ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó bá dá, kó sì máa fowó lé owó láti orí fóònù títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Florida ní kí n má mikàn, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn, òun náà sì ti rà á bẹ́ẹ̀ rí. Òun ló fẹ́ fowó ránṣẹ́. Mo mọ ilé náà, mo sì mọ ìyàwó onílé. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, ẹ jẹ́ kó ṣì máa bà yín díẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ọmọ yín. Kò purọ́. Ní Florida, òfin ìpínlẹ̀ wọn gbà kí akọ̀wé kóòtù ta ilé onígbèsè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tówó rẹ̀ bá ga jù yóò fi ìdá 5 nínú 100 sílẹ̀, akọ̀wé kóòtù yóò kọ ìwé pé òun ti ta ilé náà, ẹni tó bá sì ní ohun tí yóò wí ní ọjọ́ 10 láti wí i. Bí ọjọ́ 10 bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò jáde, ìwé onílé dé nìyẹn. Síbẹ̀, kódà lọ́hùn-ún, owó orí ilé tí onílé àná kò san kì í bá onílé àná lọ. Ilé ló ń bá gbé, ẹni tó ra ilé ló sì máa gbà á lẹ́rù. Bí ọmọ yín bá ti rà á rí lóòótọ́, yóò ti mọ èyí.

Ṣùgbọ́n Iléṣà kì í ṣe Florida. Íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ pátákó tí wọ́n lẹ ìkéde mọ́; kò lè sọ títà tí kò bófin mu di èyí tó bófin mu. Nítorí náà, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ká lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń taṣọ ní Iléṣà, kò sí ẹni tó yẹ kó máa kọ́ yín nípa òṣómàáló. Àwọn bàbá wa a máa ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọn a tà á láwìn, tọ́jọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi wá nǹkan san. Ẹni tí à ń jẹ lówó lónìí kì í lóṣòó mọ́, ìwé ló ń lò. Ọ̀nà méjì ló sì lè gbà dé orí ilé ẹni. Ọ̀kan ni pé kó pe onígbèsè lẹ́jọ́, kó borí, kí kóòtù wá ta ilé náà kí owó ìdájọ́ lè wọlé. Èkejì ni pé báǹkì ti gba ilé náà ní ìdúró nígbà tó ń yáni lówó, ìwé àdéhùn sì fún un lágbára láti tà á fúnra rẹ̀ láìdé kóòtù. Ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìkéde yín sọ pé kóòtù ni, ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀ ná.

Ìkéde tó bá sọ pé kóòtù pàṣẹ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ẹjọ́. Bí ti yín kò bá ní in, ẹ má fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Bó bá ní in, ẹ rán lọ́yà lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù tó dá ẹjọ́ náà, kó gba ẹ̀dà ìdájọ́ àti ti àṣẹ títà tí kóòtù fòǹtẹ̀ lù. Àṣẹ títà yẹn ṣe pàtàkì ju ìdájọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Lábẹ́ òfin ìmúṣẹ ìdájọ́, ẹni tó borí kò gbọdọ̀ ti kóòtù lọ tààrà sórí ilé. Ohun tó ṣeé gbé ni yóò kọ́kọ́ mú: ọkọ̀, ẹ̀rọ, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá rí i, tàbí tí owó rẹ̀ kò tó gbèsè, yóò padà sí kóòtù lọ tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kan ilé tàbí ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkánjú máa ń bà jẹ́. Mo ti rí fáìlì tí ìwé ìtọrọ àyè yẹn kò sí nínú rẹ̀ rárá, tí wọ́n sì ti ta ilé, tí olùrà ti kun ún ní ọ̀dà tuntun. Ẹ lè fojú inú wo inú dídùn lọ́yà onílé nígbà tó ṣí fáìlì náà.

Lẹ́yìn èyí, ìkéde. Òfin àwọn alugbàǹjo ní kí wọ́n má ta ilẹ̀ tàbí ilé láìjẹ́ pé wọ́n ti kéde fún gbogbo ènìyàn fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ní ìlú tó jẹ́ olórí àgbègbè náà àti níbi tí wọ́n ti fẹ́ tà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé náà, ẹ rìn débẹ̀. Ṣé ìwé wà lára ògiri? Ọjọ́ wo ló wà lórí rẹ̀? Ẹ yà á ní fọ́tò, kí ọjọ́ hàn. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ẹni tó fẹ́ lu gbàǹjo náà pẹ̀lú; iṣẹ́ tí ìjọba ń fúnni níwèé ṣe ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ní ohùn ńlá.

Ká ní gbogbo rẹ̀ pé, ẹ fowó lé e, tiyín sì ga jù. Ilé kò tíì di tiyín. Ọjọ́ 21 wà, láti ọjọ́ tí wọ́n tà á, tí onígbèsè lè fi sá tọ kóòtù pé kí wọ́n fagi lé títà náà nítorí àṣìṣe ńlá tó wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Àṣìṣe nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun pàdánù gidi nítorí rẹ̀. Bí kóòtù bá fagi lé e, owó yín yóò padà, bóyá pẹ̀lú èlé, bóyá láìsí. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsí ẹni tó wí nǹkan, títà náà di àṣetán, kóòtù yóò sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà, ẹ má gbé bíríkìlà wọ ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ rà á.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ẹ ka ìwé ẹ̀rí yẹn dáadáa. Kò sọ pé ẹ ti ra ilé. Ó sọ pé ẹ ti ra ẹ̀tọ́ àti ìpín tí onígbèsè ní nínú ilé náà. Bó bá ní gbogbo rẹ̀, ẹ ra gbogbo rẹ̀. Bó bá ní yàrá kan, yàrá kan lẹ rà. Bí kò bá ní nǹkan kan, ẹ fowó ra bébà.

Oníbàárà mi kan ra ilé báyìí ní Ilé-Ifẹ̀. Èmi kọ́ ló bá wádìí o, ẹ̀yìn ìgbà tọ́rọ̀ bàjẹ́ ló tó wá mi. Ní ọjọ́ tó fẹ́ wọlé, àwọn àgbà mẹ́rin ti jókòó ní pálọ̀, wọ́n ṣí ẹní kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi sàréè bàbá wọn hàn án nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilé ẹbí ni. Onígbèsè jẹ́ ọ̀kan nínú ọmọ mọ́kànlá. Òun ló ń gbé ibẹ̀, òun ló tún òrùlé ṣe, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní onílé. Ohun tí wọ́n tà kò ju ẹ̀tọ́ tó bá jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ lọ.

Ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ilé tí ẹnìkan kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí pọ̀ ju èyí tí a lè kà. Ẹ sì mọ bí òfin ṣe rí: bí ẹnìkan nínú ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà; bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, wọ́n lè yí i padà. Nítorí náà ẹ wádìí lọ́nà méjì. Kí lọ́yà wo àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Òṣogbo, kó mọ orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé àti bóyá gbèsè mìíràn wà lórí rẹ̀. Kí ẹ̀yin náà lọ jókòó ti àwọn àgbà àdúgbò, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó ra ilẹ̀, lọ́wọ́ ta ni, àti ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Bó bá wá já sí pé báǹkì ló ń tà á ńkọ́? Ìwé kan lẹ ó kọ́kọ́ béèrè: ìyọ̀ǹda gómìnà sí ìdúró náà. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ gómìnà dúró fún owó láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìdúró tí kò ní ìyọ̀ǹda yìí, òfo ni. Wọ́n ti ṣàlàyé síwájú sí i láti ìgbà náà, pàápàá ní 1995, pé ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé kí ìyọ̀ǹda tó dé, àti pé ó gbọ́dọ̀ dé kó tó lè múlẹ̀. Ilẹ̀ tí ènìyàn ní lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ náà kò bọ́: bí kóòtù bá pàṣẹ pé kí wọ́n tà á, ìyọ̀ǹda gómìnà ni yóò gbà, kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀. Ti iye owó, ẹ má dààmú jù. Pé báǹkì tà á lówó pọ́ọ́kú nìkan kò tó láti yí títà padà, àyàfi bí jìbìtì bá wà níbẹ̀, tàbí tí báǹkì àti olùrà jọ lẹ̀dí àpò pọ̀.

Owó yín, àpò kóòtù tàbí ti báǹkì ni kó wọ̀, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Àpò tó jẹ́ orúkọ ẹnìkan, ẹ sá fún un. Ẹ kọ iye tẹ́ ò ní kọjá sórí bébà kẹ́ ẹ tó jókòó ti fóònù, torí bí àwọn mìíràn bá ń fowó lé e, ọwọ́ á máa yá ju ọpọlọ lọ.

Àwọn ayálégbé ibẹ̀ kò ní torí gbàǹjo kó lọ lọ́jọ́ kejì. Bí àdéhùn wọn kò bá sọ nǹkan mìíràn, olóṣooṣù ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan, ọlọ́dọọdún ní ti oṣù 6. Ìyàwó onílé tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn ńkọ́? Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má rà á. Àmọ́ bí ẹ bá rí i, ẹ lè ta á lólobó pé bí owó ìdájọ́ àti ìnáwó kóòtù bá wọlé kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé, títà náà dáwọ́ dúró. Àwọn kan kò mọ̀.

Ó ku ọ̀kan, òun ni kò sì sẹ́ni tó bi mí. Orúkọ ẹni tí wọ́n kéde pé ó rà á ni kóòtù yóò kọ sínú ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá fi orúkọ ara yín wọ inú fọ́ọ̀mù yẹn, tiyín ni ilé náà lójú ìwé, kódà bó jẹ́ Florida ni gbogbo owó rẹ̀ ti wá. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá darúgbó tẹ́ ẹ lọ, tí kò sí ìwé ìhágún, yóò di ilé ẹbí fún gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ bí, àwọn àbúrò ọmọ yín tó wà ní Florida yóò sì jókòó ní pálọ̀ bíi ti àwọn àgbà mẹ́rin yẹn. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ lẹ fẹ́ kó jẹ́, kó fún yín ní ìwé agbára aṣojú tó fọwọ́ sí níwájú nótárì lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ fowó lé e. Ẹ pè é lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ bi í pé orúkọ ta ni.