Páìnì tó wọ́ ṣì ní pákó nínú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè irú ayùn tó yẹ fún àwọn páìnì tí ìjì wó sórí ilẹ̀ yín ní Georgia, tí wọ́n wọ́, tí wọ́n sì kún fún kókó. Màá dé orí ayùn. Ìtì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ba pákó jẹ́.

Igi tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dàgbà, abẹ́ ibi tó tẹ̀ sí ni ìjàngbọ̀n wà. Ẹ wo ojú ibi tí ẹ ti gé e: mùdùnmúdùn, ìyẹn ojú kékeré tí òrùka ọdún yí ká, kò sí láàárín, òrùka ọdún fẹ̀ lápá kan, apá náà sì pọ́n ju ìyókù lọ. Bí apá yẹn bá ń gbẹ, gígùn rẹ̀ á máa dín kù, bẹ́ẹ̀ gígùn igi tó dáa kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé nínú pákó kan, ọ̀kan á fa èkejì títí pákó á fi tẹ̀ bí ọrun. Ẹ kàn án níṣòó, á fa ìṣó yọ.

Àwọn tó ń díye lé igi á wò ó látinú ọkọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ fún pépà. Ó ń bí mi nínú, torí wọn kì í sọ pé gígé e kúrú ló ń wò ó sàn. Ìtì ẹsẹ̀ bàtà 16 tó wọ́ ní íǹṣì 4, bí ẹ bá dá a sí méjì, íǹṣì 1 péré ló kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbé orí tó kéré sókè lórí ẹ̀rọ ìlapákó títí mùdùnmúdùn orí méjèèjì á fi ga bákan náà. Ẹ gé ojú kan, ẹ yí i, ẹ gé òdìkejì. Bí ẹ bá gé apá kan tán kí ẹ tó yí i, ìtì á gbé kúrò lórí ẹ̀rọ, pákó á nípọn níbì kan, á fẹ́lẹ́ níbòmíràn. Ẹ dá mùdùnmúdùn sí inú òpó íǹṣì 4×4 tàbí 6×6. Nínú pákó oníńṣì kan, lílà ló máa là.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọdé má dúró nínú kòtò gbòǹgbò. Bí ẹ bá gé ìtì kúrò, kùkùté lè dìde padà lójijì.

Ayùn: kí eyín rẹ̀ tẹ̀ síwájú ní dìgírì 7, kí omi ọṣẹ máa kán sí i. Oje páìnì ń lẹ̀ mọ́ ọn, á gbóná, á sì máa gun kókó bí ẹni gun òkè. Bó bá ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tètè là á nígbà ooru kí àwọ̀ rẹ̀ má baà yí padà di búlúù. Ẹ fi igi wẹ́wẹ́ ¾ íǹṣì sáàárín pákó ní íǹṣì 16-16, kí ẹ sì gbé ẹrù lé e. Bó bá jẹ́ ilé gbígbé lẹ fẹ́ fi kọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ níbẹ̀. Púpọ̀ wọn ń béèrè òǹtẹ̀ lára igi, èyí tó ń fi ipele igi hàn, ìgbà tí òpó bá sì ti dúró tán ni wọ́n máa ń sọ ọ́.