Ẹ pín tábìlì ìtajà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tún orúkọ inú rẹ̀ ṣe

Ẹ ní tábìlì kan ṣoṣo lẹ kó sínú Power BI (ohun èlò Microsoft tí a fi ń ṣe ìròyìn láti inú dátà), column 30, ìlà 200,000, ọjà, oníbàárà àti ẹ̀ka wà pọ̀ níbẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ pín in. Bí kò bá ní bá tábìlì mìíràn pàdé láé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá gbé target oṣooṣù (iye tó fẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tà) dé ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí target ẹ̀ka kan bá jẹ́ ₦600,000, tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà ìtajà 40, ₦24,000,000 ni ìròyìn yín máa kà. Ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rà lóṣù náà kò sì ní hàn rárá.

Nítorí náà, ẹ pín in sí ọjà, oníbàárà, ẹ̀ka àti ọjọ́. Reference (àṣẹ tó ń fa tábìlì tuntun jáde láti ara ti ìpìlẹ̀) ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ìyẹn kò le.

Orúkọ ló ń dá ni lóró, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń gbowó kọ́ni tí wọn kì í sọ ọ́. Wọ́n á ní kí ẹ tẹ Remove Duplicates, tó ń yọ àwọn tó jẹ́ ọ̀kan náà, ó parí. Irọ́ ni! Power Query, apá Power BI tí a ti ń tún dátà ṣe, ka "IBADAN" àti "Ibadan" sí méjì, kò ní yọ ìkankan. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú dátà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì mọ lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré, ó tún máa ń gé àlàfo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ dànù. Ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú tirẹ̀. Ìsopọ̀ ọ̀kan-sí-púpọ̀ (ẹ̀ka kan nínú tábìlì rẹ̀, ìlà púpọ̀ nínú ìtajà) á kọ̀, tàbí kí refresh, ìyẹn kíkó dátà tuntun wọlé, kú lójijì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó ti ń lọ geere, ẹ ó sì wá ìdí rẹ̀ títí nínú Power Query, ẹ ò ní rí i. Trim (tó ń gé àlàfo iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀) ṣáájú, UPPERCASE (tó ń sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá) tẹ̀ lé e, Remove Duplicates kẹ́yìn. Inú tábìlì ìpìlẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe méjì àkọ́kọ́, kí ẹ tó ṣe Reference, torí ẹ̀rọ náà kì í gé àlàfo iwájú ọ̀rọ̀. " IBADAN" tó bá ṣẹ́ kù sínú ìtajà á bọ́ sábẹ́ Blank, ìlà tí kò ní orúkọ nínú ìròyìn.

Ẹ ya wákàtí kúrò lára ọjọ́ pẹ̀lú. Ọjọ́ tó bá ní wákàtí nínú kì í bá tábìlì ọjọ́ mu, ó sì ń mú fáìlì wú. Láti 1 January dé 31 December, kí tábìlì ọjọ́ má fo ọjọ́ kankan. Ẹ fi target sí tábìlì tirẹ̀, kí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún ìsopọ̀ sí Both (kí tábìlì méjèèjì máa sẹ́ ara wọn), Single (kí ọ̀kan ṣoṣo máa sẹ́ èkejì) ni kí ó wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Hide sórí orúkọ ẹ̀ka inú tábìlì ìtajà. Bí ẹnìkan bá fa ìyẹn sínú slicer (àpótí tí a fi ń yan ohun tí ìròyìn máa fi hàn), iye ìtajà nìkan ló máa yí, target á dúró gbagidi síbi tó wà, torí tábìlì ẹ̀ka ló so mọ́.