Ta ló ni orin tí ọmọ mi gbé wálé láti ilé ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Leeds ni mò ń gbé, mo bí ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n báyìí. Nígbà tí àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu géètì ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń kọrin. Kẹ́hìndé gbé orin náà wálé: “Solidarity forever, for the union makes us strong.” Mo ní, “Rárá o, o ṣì í kọ. ‘We shall always fight for our right’ ló kàn níbẹ̀.” Bí mo ṣe bá a lẹ́nu bàbá mi tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń wọ́de ní Nàìjíríà ṣe ń kọ ọ́ nígbà èwe mi. Ọmọ náà ní, “Mọ́mì, bí míìsì wa ṣe kọ ọ́ nìyẹn.” Ó yà mí lẹ́nu, torí láti kékeré ni mo ti gbà pé orin ilé wa ni.

Ta ló ni ín gan-an? Ṣé àwa náà ní irú orin bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá tí mo lè fi kọ́ wọn? Bàbá wọn ní orin ọ̀tẹ̀ ni, kì í ṣe tọmọdé, àti pé àwa tá a wá wá oúnjẹ nílẹ̀ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ bá wọn dá sí irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì


Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ̀yin àti Kẹ́hìndé, kò sẹ́ni tó ṣì í nínú yín méjèèjì.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ralph Chaplin ló kọ ọ̀rọ̀ orin yẹn. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1915 ló parí ẹ̀ ní Chicago, fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Industrial Workers of the World. Ó ti wà láàárín àwọn tó ń wa èédú ní West Virginia nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ohun tó fojú rí níbẹ̀ ló gbé orin náà sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ló kọ o, ohùn ti wà nílẹ̀. Ẹ fi ohùn yẹn kọ “Glory, glory, hallelujah” wò, ẹ ó rí i pé ẹ ti mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́. Ohùn kan náà ni àwọn sójà fi kọrin John Brown nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. John Brown yìí, òyìnbó ni. Ní 1859, ó kó èèyàn lẹ́yìn, wọ́n lọ kọ lu ilé ohun ìjà ìjọba ní Harpers Ferry, kí wọ́n lè fi ohun ìjà ibẹ̀ gba àwọn ẹrú sílẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n sì yẹgi fún un ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Nítorí náà, ohùn tí míìsì wọn ń kọ lẹ́nu géètì, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú ló sọ ọ́ di orin ogun. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ náà kẹ́ ẹ tó sọ ohun mìíràn.

Nígbà tí orin náà dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà di ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn rọ́pò ìparí. Wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ká sòótọ́, tiwa ló wù mí jù. Ti ibẹ̀ yẹn ń sọ ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún wa, tiwa ń sọ ohun tí àwa fúnra wa máa ṣe.

Yíyá ohùn orin yìí ní ìdí. Ní Spokane, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ẹgbẹ́ Chaplin bá dúró sí ìgboro láti bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ Salvation Army, ìjọ Kristẹni tó ń wàásù nígboro, á gbé fèrè àti ìlù dé, wọ́n á fi bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Ni àwọn náà bá mú orin ìsìn tí fèrè yẹn ń fọn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ebi sí i lẹ́nu. Fèrè tó wá dí wọn lọ́wọ́ wá di ẹni tó ń gbè fún wọn. Nígbà tó di 1909, wọ́n tẹ ìwé orin kékeré kan, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ó ṣe é kì bọ àpò. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọrin sínú ìwé yẹn ni Joe Hill, ọmọ Sweden tó wá ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àlejò bíi tiwa. Ó ní ìwé pélébé, bó ti wù kó dára tó, èèyàn kì í kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n orin, èèyàn á kọ́ ọ sórí, á sì máa kọ ọ́ ní àkọtúnkọ. Wọ́n yìnbọn pa á ní Utah ní oṣù Kọkànlá ọdún 1915 lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà gbọ́ títí dòní. Apá ibi tí wọ́n ti pa á yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ ná títí wọ́n á fi dàgbà díẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi rí. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan níbí. Ọdún tá a kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo dé ẹnu géètì, òtútù ń wọ eegun mi. Mo fa fìlà bo ojú dé ìdajì, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀gá mi rí mi. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ń lé orin, òyìnbó rẹ̀ ń sáré, mi ò gbọ́ ìlàjì ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ègbè rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Nígbà tó lé e lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbè é lábẹ́ ètè. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo ti la ẹnu. Obìnrin ará Poland tá a jọ ń nu wọ́ọ̀dù dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìnulẹ̀ dé, ó ń fi igi mọ́ọ̀pù lù ú. Bọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ, awakọ̀ rẹ̀ tẹ fèrè mọ́lẹ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri ilé ìwòsàn dé òpin rẹ̀. Ariwo wa gba gbogbo àdúgbò. Mo ṣí fìlà mi sókè.

Olúkúlùkù ló gbé ìbẹ̀rù tirẹ̀ wá síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn: owó ilé, owó ọmọ, bí ọ̀gá ṣe máa wo òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwé ẹgbẹ́ kò lè mú irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kúrò. Ègbè ló ń mú un kúrò, torí kò béèrè pé kó o mọ̀rọ̀ọ́ sọ, kò béèrè pé ọmọ ibo ni ọ́. Ó kàn ní kó o dáhùn. Tó o bá sì ti dáhùn, ohùn rẹ ti wọnú ohùn àwọn yòókù, ọ̀gá tó ń yọjú láti ojú fèrèsé kò lè mọ èwo ni tìrẹ. Ta ló wá mọ lílé àti ègbè ju Yorùbá lọ? Ibi ìgbéyàwó, ibi òkú, ibi oyè, ẹnì kan á lé, àwọn tó kù á gbè. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín pé àwọn ọmọ yín kò níláti yá àṣà yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ béèrè bóyá a ní tiwa. A ní in dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin lọ́tọ̀ ló fa wàhálà. Láti 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kó ara wọn jọ, àwọn ìyálọ́jà àtàwọn ìyá aláṣọ, wọ́n jókòó síwájú ààfin Aláké, wọ́n sun ibẹ̀, wọ́n jí níbẹ̀, orin ni wọ́n sì fi ń bá ọba wí. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó padà. Àwọn orin kan wà nínú tiwọn tí mi ò ní kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, torí àwọn ìyá wa kò fi ẹnu pa mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ìyáàfin tó kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, Yorùbá ló ń sọ sí àwọn òyìnbó aláṣẹ létí, kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀.

Ẹ wá kọ́ wọn ní ti Àgbẹ́kọ̀yà. Ní 1968 sí 1969, owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè Ìbàdàn lọ́rùn, wọ́n sì dìde, àwọn bíi Tàfá Adéoyè ará Àkànrán ló ń ṣáájú wọn. Ohun tí wọ́n ń ké ni: “Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san!” Ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ti kúrú tó. Ọ̀kẹ́ kan nínú owó ẹyọ ti àtijọ́ ni a fi ń ka ṣílè 5, ọ̀kẹ́ mẹ́fà wá jẹ́ ṣílè 30. Iye tí wọ́n fẹ́ san gan-an ló wà nínú orin, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí aṣojú tó lè lọ bá ìjọba dúnàá dúrà iye mìíràn lẹ́yìn wọn. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ orin ìwọ́de níbí, mi ò tíì gbọ́ èyí tó pé bí ìyẹn.

Tí àwọn ọmọ bá fẹ́ràn eré orí ìtàgé, ẹ sọ fún wọn pé ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945 tí Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè léwájú rẹ̀, torí pé ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n tí owó oṣù kò sì kúrò lójú kan, Hubert Ògúńdé sọ ọ́ di eré olórin lọ́dún yẹn gan-an. Nígbà tó gbé e dé Jọ́ọ̀sì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba amúnisìn fòfin dè é.

Ẹ bá mi kí bàbá wọn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá, ẹ̀rù yẹn ló mú kí èmi náà fa fìlà bojú. Ní ti físà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹni tó wá ṣiṣẹ́ láyè láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Tí ìyanṣẹ́lódì bá bófin mu, ọjọ́ tí èèyàn bá fi wà níbẹ̀ kì í sí lára ọjọ́ àìgbowó tó lè ba físà rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aṣojú ẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ wọn, á ṣàlàyé.

Ní ti pé orin ọ̀tẹ̀ ni, wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ, mo ti fara gbá níbẹ̀. Lásìkò ìyanṣẹ́lódì wa, ọkùnrin Yorùbá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wọlé ṣiṣẹ́ lójú gbogbo wa. Inú bí wa, wọ́n kọrin bú u, ọmọbìnrin mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kíláàsì kan náà ni òun àti ọmọ ọkùnrin yẹn. Ó lọ kọ orin yẹn fún ọmọ náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìyá ọmọ náà pè mí, kò bú mi o, ó kàn ń sunkún. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú ọmọ mi dání, a lọ bẹ̀ wọ́n nílé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé gbèsè ló wọ ọkùnrin yẹn lọ́rùn, tí kò sì lè sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Láti ìgbà náà, orin tó bá béèrè ẹ̀tọ́ ni mò ń kọ́ ọmọ, èyí tó bá ń bú ẹlẹgbẹ́ ẹni tàbí ara èèyàn, kò gbọdọ̀ wọ ilé mi. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa náà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin John Brown yẹn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, kò ṣeé gbọ́ sétí. Ohùn orin á máa sọ̀kalẹ̀ níbi tí “owó” ti yẹ kó gòkè, “òwò” lèèyàn á sì gbọ́. Ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣáájú, kí ohùn tẹ̀ lé e, bí onídùndún ṣe ń ṣe. Èyí tí èmi àti ọmọ mi jọ ṣe fún ẹnu géètì wa rèé, kò ní orin púpọ̀ nínú, pípe ni:

Ta ní ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù? Àwa ni!
Ta ní ń ti aláìsàn lọ? Àwa ni!
Ta ní ń jí kílẹ̀ tó mọ́? Àwa ni!
Ta ní ń sùn nígbà tílẹ̀ ṣú? Ọ̀gá ni!
Owó wa dà? Ẹ mú un wá!

Àwọn ará Poland àti Philippines tó wà lọ́dọ̀ wa ti mọ “Àwa ni” báyìí, kódà wọ́n fi ń kí mi ní ọ̀nà ilé oúnjẹ.

Ẹ fi iṣẹ́ àwọn míìsì wọn rọ́pò iṣẹ́ tiwa, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá ọ̀rọ̀ sí i. Ìbejì lẹ bí, lílé àti ègbè ti pé sílé. Kí Táyé lé, kí Kẹ́hìndé gbè, kí wọ́n wá pààrọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é níbi tí bàbá wọn jókòó sí, kẹ́ ẹ sì má sọ nǹkan kan. Tó bá fi máa di “Àwa ni” kẹta, ẹ wo ẹnu wọn.

Bàbá Wúrà, Manchester