Ẹ̀yin Béèrè, Àwa Dáhùn: Nígbà tí CentOS 6 Kò Bá Rí RAID Inú Sáfà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ra àlòkù sáfà kan, HP ProLiant MicroServer Gen8, nítorí ètò ìṣirò owó wa tí kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux mìíràn àfi CentOS 6. Mo fi dísíìkì méjì, terabyte kọ̀ọ̀kan, sínú rẹ̀, mo sì so wọ́n pọ̀ ní RAID 1, kí ohun tí a bá kọ sórí ọ̀kan máa wà lórí èkejì, láti ojú ewé tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde nígbà tí ó bá ń tàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ gbé CentOS sórí rẹ̀, dípò dísíìkì kan ṣoṣo tí mo ń retí, méjì ni mo rí: sda àti sdb. Ṣé kí n kàn yan ọ̀kan, kí RAID máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀? – Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yan ọ̀kankan. Ohun tó wà lẹ́yìn Ọ̀fà, ó ju Òje lọ. Bí ẹ bá gbé CentOS sórí sda báyìí, yóò wọlé, yóò sì tàn láìjanpata, ẹ ó sì máa rò pé sdb ń gba ẹ̀dà gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, nígbà tí kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí sda bá kú ni ẹ ó tó mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá nìyí. Ohun tí HP pè ní Dynamic Smart Array B120i nínú MicroServer Gen8 kì í ṣe kọ́ńtírólà RAID tí ó ní ọpọlọ tirẹ̀. Chipset Intel tó wà lórí pátákó ẹ̀rọ náà ni ó ń darí àwọn dísíìkì, iṣẹ́ RAID fúnra rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ dráífà kan (ètò tí Linux fi ń bá ẹ̀yà ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) tí ń jẹ́ hpvsa. HP kò ṣí kóòdù dráífà yìí sílẹ̀ fún aráyé, nítorí náà kò sí nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ìbáà jẹ́ 2.6.32 tí CentOS 6 ń lò tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí CentOS kò bá hpvsa nílé, ahci, dráífà SATA tí gbogbo Linux ní, ni ó gba àwọn dísíìkì náà, ahci kò sì mọ̀ pé ẹ ti so wọ́n pọ̀. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i: ní ojú ewé tí ẹ ti ń yan dísíìkì, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F2 pa pọ̀, kí ẹ sì kọ lspci -nnk. Lábẹ́ ìlà tó dárúkọ kọ́ńtírólà náà ni ẹ ó ti rí orúkọ ahci pé òun ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀nà tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà là sílẹ̀ ni pé kí ẹ wá fáìlì hpvsa tó bá ẹ̀yà CentOS yín mu gẹ́lẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sórí fúláàṣì, kí ẹ tẹ Tab nígbà tí àkójọ àṣàyàn àkọ́kọ́ bá jáde, kí ẹ sì fi "dd blacklist=ahci" kún ìparí ìlà tí ó bá yọ. Dd ni yóò béèrè fúláàṣì náà lọ́wọ́ yín; blacklist=ahci ni kò ní jẹ́ kí ahci sáré gba dísíìkì kí hpvsa tó dé. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹni tó ń tọ́jú owó ẹlẹ́gbẹ́ nímọ̀ràn pé kí ó gba ibẹ̀, nítorí pé láti ọjọ́ náà lọ, ìwé owó yín ti so mọ́ dráífà tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe, yàtọ̀ sí ẹni tó ni kóòdù rẹ̀.

Èyí tí ó sàn jù ni pé kí ẹ gba iṣẹ́ RAID kúrò lọ́wọ́ B120i pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ pa RAID tí ẹ dá rẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kò tíì sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ F9 nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, ẹ wọ System Options, kí ẹ lọ sí SATA Controller Options, kí ẹ sì yan AHCI níbẹ̀. Dísíìkì méjì tí CentOS yóò fi hàn yín nígbà yìí kì í ṣe ẹ̀tàn mọ́, mdadm, ètò RAID tó wà nínú Linux fúnra rẹ̀, ni ẹ ó sì fi so wọ́n pọ̀ ní RAID 1. Bí ẹ bá kọ cat /proc/mdstat, [UU] ni ẹ gbọ́dọ̀ rí. [U_] túmọ̀ sí pé ọ̀kan ti ṣubú. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé: GRUB àtijọ́, ètò tí CentOS 6 fi ń tàn, lè wà lórí dísíìkì àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ wọ inú grub, kí ẹ kọ device (hd0) /dev/sdb, kí root (hd0,0) tẹ̀lé e bí /boot bá jẹ́ ìpín àkọ́kọ́, kí setup (hd0) sì parí rẹ̀, kí sdb náà lè dá sáfà tàn lọ́jọ́ tí sda kò bá sí mọ́. Ẹ yọ sda kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó kó ìwé owó kankan sí i.

Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, n kò tilẹ̀ ní gbé CentOS 6 sórí sáfà náà ní tààrà rárá. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni wọn kò ti tún ihò ààbò kankan dí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé Linux tuntun bíi Debian 12 sórí sáfà náà pẹ̀lú AHCI àti mdadm, kí ẹ wá fi KVM, ètò inú Linux fún irú iṣẹ́ yìí, gbé CentOS 6 sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí virtual machine (ẹ̀rọ àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ gidi), láìjẹ́ kí ó fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì. Dísíìkì àfarawé tí wọ́n ń pè ní virtio ni KVM yóò fi hàn án, kernel 2.6.32 sì ti ní dráífà virtio láti ilé wá, ọ̀rọ̀ kọ́ńtírólà kò sì kan CentOS mọ́ láé. Bí ẹ bá fi agbára Celeron inú ẹ̀rọ náà ṣàníyàn, ètò ìṣirò owó ẹgbẹ́ kò lè ni ín lára.

ÌBÉÈRÈ: Hpvsa ni mo lò ní tèmi, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa títí mo fi ṣe yum update (àṣẹ tí ń gbé ẹ̀yà tuntun àwọn ètò wọlé) láti inú vault, àpamọ́ àwọn ẹ̀yà CentOS àtijọ́. Nígbà tí mo tún ẹ̀rọ tàn, "Kernel panic" ni mo rí. Ṣé dísíìkì mi ti bàjẹ́ ni? – Òǹkàwé, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ó dájú tó pé kò bàjẹ́. Kernel tuntun ni yum gbé wọlé, fáìlì initramfs tí kernel náà kọ́kọ́ ń ṣí kí ó tó rí dísíìkì kò sì ní hpvsa nínú. Ahci ńkọ́? Ẹ ti fi blacklist ní kí ó má wọlé. Ẹ yan kernel àtijọ́ nínú àkójọ GRUB, ẹ ó rí i pé yóò tàn. Ẹ wá wo abẹ́ /lib/modules bóyá dráífà náà wà fún kernel tuntun. Bí ó bá wà, àṣẹ dracut -f pẹ̀lú orúkọ fáìlì initramfs àti nọ́ńbà kernel náà yóò kó o wọlé, lsinitrd yóò sì jẹ́rìí sí i. Bí kò bá sí, ẹ fi exclude=kernel* sínú /etc/yum.conf, kí ẹ sì jẹ́ kí kernel àtijọ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ yọ blacklist kúrò kí ẹ̀rọ lè kàn tàn: ahci yóò máa kọ nǹkan sórí dísíìkì kan láìsí ìmọ̀ èkejì, RAID yín yóò sì di ẹ̀dà méjì tí kò bára mu.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi yí padà sí ti àwọn tó ṣáájú: sáfà àtijọ́ ni mo ní, Linux tuntun ni mo fẹ́. Káàdì LSI 9211-8i mi, tí mo so dísíìkì mọ́, ń ṣiṣẹ́ lórí CentOS 7, ṣùgbọ́n ẹ̀yà 8 kò rí i. – Òǹkàwé, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Red Hat ló yọ nọ́ńbà káàdì yín, 1000:0072, kúrò nínú àwọn tí dráífà mpt3sas ń dá mọ̀ ní RHEL 8, Linux tiwọn tí a ti ṣe CentOS 8 jáde; dráífà náà wà níbẹ̀, ó kàn ti ń wo káàdì yín bí àjèjì ni. Ẹ gba fáìlì dd-mpt3sas tí ELRepo, àwọn tó ń ṣe dráífà fún irú Linux yìí, ṣe fún ẹ̀yà tí ẹ ń lò, kí ẹ fi inst.dd pè é nígbà tí ẹ bá ń gbé Linux náà sórí ẹ̀rọ. Tí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà yẹn, AlmaLinux, Linux mìíràn tó jọ RHEL, ti dá àwọn káàdì bẹ́ẹ̀ padà sínú kernel tirẹ̀ láti 9.4.