Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Èédú Ìsẹ́mi Nínú Àpótí Ẹja Omi Òkun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ní àpótí gíláàsì kan tó gba lítà 200 ní pálọ̀ mi. Omi oníyọ̀ ni mo fi kún un, mo sì ń sin iyùn òkun alààyè nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹja mélòó kan. Omi náà ti wá ń pọ́n rúsúrúsú, ó sì ń rùn díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fi iyùn rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní leather coral sínú rẹ̀, iyùn líle tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ là mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi èédú sẹ́ omi náà. Ṣé èédú tí à ń fi dáná náà ni? Báwo ni kó ṣe pọ̀ tó, ìgbà wo ni kí n sì máa pààrọ̀ rẹ̀?
Òǹkàwé kan, Bódìjà, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín kò ṣì yín lọ́nà, ṣùgbọ́n èédú inú àpò tí à ń rà lọ́jà fún dídáná kọ́ ni ó ń sọ. Igi, èèpo àgbọn tàbí èédú abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe èédú ìsẹ́mi, èyí tí à ń pè ní activated carbon, wọ́n á sì kọ́kọ́ sun ún níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn eléèédú Òkè-Ògùn náà ṣe máa ń fi yẹ̀pẹ̀ bo igi mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó ti iná bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún wá fẹ́ ooru omi sí i, ní ìwọ̀n ìgbóná tó wà láàárín 800 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí yóò fi lu gbogbo inú rẹ̀. Bí a bá lè tẹ́ ojú gbogbo ihò tó wà nínú gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀, ó lè fẹ̀ ju pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn lọ. Ara àwọn ihò wọ̀nyí ni ìdọ̀tí tó ti yòrò sínú omi máa ń lẹ̀ mọ́. Èédú ìdáná kò ní ihò tó bẹ́ẹ̀, eérú ara rẹ̀ yóò sì tún ba omi yín jẹ́.

Ohun tó ń mú omi yín pọ́n ni àjẹkù oúnjẹ ẹja àti ìgbẹ́ wọn, tó ti jẹrà tó sì ti yòrò. Èédú ìsẹ́mi máa ń mú àwọ̀ yìí àti òórùn rẹ̀ kúrò kíákíá.

Ọ̀rọ̀ leather coral yẹn gan-an ló jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yín. Iyùn kì í rìn, nítorí náà oró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jà fún àyè tí wọ́n wà. Àwọn iyùn rírọ̀ bíi Sarcophyton àti Sinularia máa ń tú oró kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní terpene sínú omi. Nínú òkun, ìgbì á ti gbé e lọ kó tó pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n nínú lítà 200, pọ́ǹpù yín kò ní ibòmíràn tí yóò gbé e lọ ju ọ̀dọ̀ iyùn líle yẹn náà lọ, ní àtàárọ̀ di alẹ́. Ẹ ṣọ́ leather coral náà dáadáa: yóò kó gbogbo ọmọ ìka rẹ̀ wọlé fún ọjọ́ mélòó kan, ojú rẹ̀ yóò máa dán, lẹ́yìn náà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bó kúrò lára rẹ̀. Kò kú o, awọ ni ó ń pa dà, àsìkò yẹn sì ni èédú tuntun wúlò jù lọ láti fa oró náà mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àwọn iyùn méjèèjì jìnnà sí ara wọn, kí ẹ má sì jẹ́ kí èédú tán nínú asẹ́ omi yín níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń sìn wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n èédú kò lè mú amóníà tàbí nítíréètì, ìyẹn àwọn ìdọ̀tí tó ń wá láti inú ìgbẹ́ ẹja, kúrò lọ́nà tó ṣeé gbára lé, nítorí náà ẹ má torí rẹ̀ dáwọ́ pípààrọ̀ omi dúró.

Àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà náà ń lo irú èédú yìí, kò sì yẹ kó ṣòro láti rí ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, àwọn èédú kan wà tó máa ń tú fọ́sífeètì, tó jẹ́ oúnjẹ ewé omi, sínú omi, tí ewé omi wẹ́wẹ́ yóò sì bo gíláàsì àti iyùn. Kí ẹ tó lo èyí tí ẹ rà, ẹ rẹ ṣíbí kan nínú ife omi mímọ́ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi ohun ìdánwò fọ́sífeètì wò ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi irú omi tí ẹ fi ń po iyọ̀ fọ èédú náà nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Dúdú ni omi àkọ́kọ́ yóò jáde. Ẹ dà á nù, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2011 láti ọgbà ẹranko Toledo ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹja surgeonfish tí wọ́n sìn nínú omi tí èédú lignite (irú èyí tí wọ́n fi èédú abẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ ṣe, tó máa ń rún) ń sẹ́ ní egbò ní orí àti ní ẹ̀gbẹ́ ara. Nítorí náà, èyí tó le, tí kì í rún, ni kí ẹ rà.

Ìdajì iye tí wọ́n kọ sára ìdì rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí omi tó ti pọ́n bá ṣàdédé mọ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara iyùn yóò pọ̀ lójijì, iyùn sì lè funfun. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó àsìkò, ẹ kun ìdajì bébà funfun ní àwọ̀ rúsúrúsú fẹ́lẹ́, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, kí ẹ tì í bọ omi ní ìkángun àpótí náà, kí ẹ sì wò ó láti ìkángun kejì. Bí ẹ kò bá lè fi ìyàtọ̀ sáàárín apá méjèèjì mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nítorí bí iná ọba ṣe ń ṣe wá ní Ìbàdàn, inú àpò nẹ́ẹ̀tì, níbi tí omi ti ń kọjá, ni mo fọwọ́ sí pé kí ẹ kó èédú náà sí, dípò inú sílíńdà asẹ́ omi tí a dé pa. Bí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, ọ́síjìn yóò tán nínú sílíńdà, omi inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Bí sílíńdà ni ẹ bá sì ní, ẹ da omi inú rẹ̀ nù kí ẹ tó tan pọ́ǹpù pa dà.

Ìbéèrè: Ẹja mi ní àmì funfun lára, ẹni tó tà á fún mi sì fún mi ní oògùn oníbàbà. Ṣé kí n yọ èédú kúrò?
Òǹkàwé kan, Challenge, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe da oògùn náà sínú àpótí tí iyùn wà rárá, nítorí pé bàbà ń pa iyùn, ìgbín òkun àti edé. Ẹ kó ẹja náà sínú àpótí mìíràn tí kò ní iyùn, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ láìsí èédú, torí èédú máa ń fa ọ̀pọ̀ oògùn mu.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè yan èédú tó ti ṣiṣẹ́ tán nínú agbada kí n sì tún un lò?
Òǹkàwé kan, Àpáta, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Rárá o. Iná ilé kò lè gbóná tó èyí tó ṣí ihò rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Omi tó wà lára rẹ̀ nìkan ni agbada yóò mú kúrò, ìdọ̀tí yóò ṣì wà nínú ihò. Ẹ dà á nù, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ìdí ẹ̀fọ́, nítorí iyọ̀ ara rẹ̀.