Ṣé wọ́n gbẹ́ ẹ ni tàbí wọ́n fín in?

Ẹnìkan bèèrè pé àwòrán ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ inú àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí tí wọ́n fi igi tẹ̀, ṣé ká pè é ní àwòrán gbígbẹ́ tàbí fínfín.

Fínfín ni mo fara mọ́. Agbẹ́gilére ń wá ère jáde láti inú igi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fín igbá kì í sọ igbá di nǹkan mìíràn, ojú rẹ̀ nìkan ló ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó dá ọnà sí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí igi ni Thomas Bewick, afínnà ará Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 1828, sọ di gbajúmọ̀. Ní àtijọ́, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé àwòrán sára pákó tí a là ní òòró, n kò sì ní bá ẹni tó pe ìyẹn ní gbígbẹ́ jà. Igi boxwood, igi líle kan, tí a gé ní ìbú, bí ẹni gé iṣu, ni Bewick ń lò, nítorí ojú igi bẹ́ẹ̀ le, ó dán, irin sì lè gba ibi tó wù ú kọjá lórí rẹ̀ láì fà á ya.

Ibi tí irin bá ti kọjá kì í gba yíǹkì, funfun ló máa ń jẹ́ lórí ìwé. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ńlá ara ẹ̀ńjìnnì tí ń fi oru omi ṣiṣẹ́: níbi tí irin ti ń dán, ìlà dúdú rẹ̀ tín-ín-rín; níbi tí òjìji bò, àwọn ìlà náà sanra títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bí a bá tẹ igi náà sórí ìwé, ọ̀tún ló ń di òsì, nítorí náà orúkọ tó bá wà lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ fínfín sódì.

Igi boxwood kì í sanra. Bí ìwé ìròyìn Illustrated London News, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1842, bá fẹ́ àwòrán ńlá, wọ́n ní láti so ègé púpọ̀ pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi bóòtù onínọ́ọ̀tì dè wọ́n lẹ́yìn, kí wọ́n lè tú wọn pín fún afínnà mélòó kan, kí iṣẹ́ sì tètè parí. Nínú àwòrán mìíràn, ẹ óò rí ìlà funfun tóóró tó la ẹ̀rọ já gbọọrọ: oríkèé igi náà nìyẹn, èmi a sì máa kọ́kọ́ wá a kí n tó wo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.